Òǹtẹ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé

Ṣakí. Ọjọ́rú, 1 Méè 1985

Lẹ́tà Ràmọ́nì dé. Póòsì ò ṣiṣẹ́ lónìí, ọlidé àwọn òṣìṣẹ́ ni. Awakọ̀ kan tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ló gbé e lé Mọ́ládé ìyàwó mi lọ́wọ́. Kò tú u. Ó fi sábẹ́ àwo ọbẹ̀ mi, ó ní kí n jẹun tán ná, pé bó bá jẹ́ ìròyìn burúkú, kó má bá mi lébi.

Ìròyìn rere ni. Iṣẹ́ wà ní Jẹ́dà, ní èbúté tí wọ́n ti ń já àgùntàn kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ń wá dókítà ẹran tí yóò máa yẹ àgùntàn wò kí Hájì tó dé. Èmi àti Ràmọ́nì jọ kàwé ní Bùlùgéríà fún ọdún mẹ́fà, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà báyìí, ó sì ti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa mi. Ohun tí wọ́n fẹ́ kò pọ̀: pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà láti Èkó pé ìjọba wa gba ìwé-ẹ̀rí mi wọlé, àti ìwé ìyọ̀ǹda láti ibi iṣẹ́ mi. Kí gbogbo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní físà kí oṣù Júùnù tó parí. Bí mo bá pẹ́, wọ́n á mú ará Sùdáánì kan.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé yìí nìyẹn. Rẹ́jísítà ni, a fi ń kọ orúkọ àwọn tí màlúù wọn gba abẹ́rẹ́. Lọ́dún tí àrùn màlúù jà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ju bó ti yẹ lọ, ikán ló sì ń jẹ èyí tó ṣẹ́kù. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà mẹ́ta: iye màlúù, olówó màlúù, dókítà tó fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gún màlúù lábẹ́rẹ́ nílùú yìí, mi ò fọwọ́ sí ọ̀nà kẹta yẹn rí. Òkè, dókítà tó jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì wa, ló ń fọwọ́ sí i. Mo fi ọdún mẹ́rin ju Òkè lọ, ṣùgbọ́n ilé níbí ló ti kàwé. Èmi ń gún, ìgbẹ́ màlúù ń ta sí mi lára, òun ń fọwọ́ sí i lábẹ́ igi. Wọ́n kọ ọ́ sí fáìlì mi lọ́dún 1982 pé olùrànlọ́wọ́ ni kí n jẹ́ títí wọn yóò fi yẹ ìwé-ẹ̀rí mi wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Èkó. Wọn ò fèsì.

Gbogbo Ṣakí ló ń pe bàbá mi ní Bàbá Dókítà. Ìjọba nìkan ni kò tíì gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 2 Méè

Mo fi lẹ́tà náà han Òkè. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà mú lẹ́tà Èkó wá. Èmi fúnra mi ni n ó kọ ìwé ìyọ̀ǹda yín. Kí ni n ó dá yín dúró ṣe níbí?"

Èèyàn dáadáa ni. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni.

Òjò rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Orí àpáta Àsàbàrí ò tilẹ̀ tutù.

Àbámẹ́ta, 4 Méè

Wọ́n ń lé àwọn ará Gáná lọ. Wọ́n ṣí ẹnubodè fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lè kọjá, wọn yóò sì tún tì í. Mo bá tíṣà ìṣirò ilé-ìwé gíga wa ní gáréèjì, ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀, mátírẹ́ẹ̀sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ní, "Dókítà, láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti gba ìwé-ẹ̀rí mi wọlé. Èmi ni wọn ò fẹ́ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín, a ò sì wo ojú ara wa.

Ìyá mi ò jáde sí gáréèjì láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ rí àwọn tó ń lọ sí Gáná.

Èkó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Méè

Aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ni mo ti tò sẹ́nu ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò. Sójà kan ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú kòbókò, ó ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ wa wà lójú ìlà. Aago méjì ku díẹ̀ kó tó kàn mí.

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ń jẹ́ Florence, wọ́n kọ ọ́ sára pákó kékeré kan síwájú rẹ̀. Mo rò pé yóò ní kí n kọ fọ́ọ̀mù kẹrin ni. Ó dìde, ó wọ yàrá kan, ó sì gbé fáìlì mi jáde tòun ti eruku. Fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé: Ẹ̀yìn ìwé-ẹ̀rí dà?

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti bi yín, ọ̀gbẹ́ni."

"Ẹ ò bi mí, madam. Fáìlì lẹ bi."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bínú, ó tún fojú wo fáìlì náà. "Òótọ́ ni," ó ní. "A ò ní owó sítáǹpù."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ẹni tó bá kàwé ní irú orílẹ̀-èdè yẹn, ilé-iṣẹ́ aṣojú wa níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Láìsí òǹtẹ̀, ìwé lásán ni, ẹnikẹ́ni lè lọ tẹ̀ ẹ́ ní Mushin. Ẹ̀dà tí mo fi ń ránṣẹ́, iwájú nìkan ló ní. Mo rántí òǹtẹ̀ náà. Roboto ni, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, nọ́ńbà wà láàárín. Yìnyín ń bọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lù ú, mo sì ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè tètè gbẹ.

"Ó wà lẹ́yìn rẹ̀," mo ní.

"Ẹ gbé ojúlówó rẹ̀ wá, ká rí iwájú, ká rí ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì la ó fi parí tiyín."

Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo tó rántí ibi tí ojúlówó náà wà.

Ṣakí. Ọjọ́bọ̀, 9 Méè

Ìwé-ẹ̀rí mi wà ní pálọ̀ Bàbá, láàárín àwòrán Káábà àti aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo ti òkè òkun dé ni Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ẹgbẹ́ òun ní mọ́sálásí. Láti ọjọ́ náà mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Àlejò tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbójú sókè wò ó kó tó kí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ewúrẹ́ wọn ń ṣàìsàn máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ dè mí, bí ẹni pé ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Mo gbé férémù náà sọ̀kalẹ̀, mo yọ ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ gíláàsì. Ìwé náà ò kúrò lójú pákó. Mo fi èékánná wò ó ní igun kan. Ó lẹ̀ mọ́ pákó látòkè délẹ̀.

Mo bi Bàbá pé ta ló lẹ̀ ẹ́.

"Ayàwòrán tó kan férémù ni. Ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ gbígbóná ló fi lẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ní kó lẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e."

"Nínú gíláàsì?"

Bàbá ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. Kò wò mí. Nígbà tó yá ó ní, "Bàṣírù, ìwé tó bá wà lára ògiri, olówó rẹ̀ wà nílé."

Kò sí ẹni tó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi Ràsáàkì, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo wa ń gbọ́. Ó lọ sí Kùmásí ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn láti lọ ta aṣọ. Nígbà tí àwọn ará Gáná lé gbogbo àwa ará Ọ̀kè-Ògùn kúrò lọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ dé, ọkọ̀ dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Ìyá fi ń lọ sí gáréèjì. Ràsáàkì ò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kankan.

Jímọ̀, 10 Méè

Mo fi ọ̀bẹ ìfárùngbọ̀n gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Igun kan ya, kò tó èékánná ìka kékeré. Mọ́ládé gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

Inú bí mi débi pé mo lọ bá Bàbá, mo ní, "Ẹ̀ bá kúkú fi ẹ̀kọ lẹ èmi gan-an mọ́ ògiri." Ó gbé ọkọ́, ó gba oko lọ. Láyé mi, mi ò rí i kí Bàbá lọ sóko lọ́jọ́ Jímọ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Méè

Èmi àti Bàbá ò sọ̀rọ̀. Gààrí gbówó lórí, ọṣẹ ò sí. Àdìjátù ọmọ mi ń jẹ èso ẹmi, èyí tí wọ́n fi ń ṣe òrí, láti àárọ̀, gbogbo aṣọ rẹ̀ ló lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Méè

Mo bi ayàwòrán náà pé báwo ló ṣe ń yọ ìwé. Ó ní òun ò yọ ọ́ rí, lílẹ̀ ni òun mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Méè

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀ dáadáa báyìí, gbogbo èèyàn ń gbin àgbàdo. Ogójì ọjọ́ ló kù.

Níbi tí a ti ń ṣínu, Mọ́ládé ṣàdédé gbé ife omi sílẹ̀. "Bàbá Àdìjátù," ó ní, "ẹ̀kọ ni Bọ̀dá Àmúdà fi ń pa òwú lára kó tó hun ún."

Bọ̀dá Àmúdà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń hun aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn. Mo ní ìyẹn ń kọ́? Ó ní ẹni tó ti ń fi ẹ̀kọ sára òwú láti ọmọdé yóò mọ bí wọ́n ṣe ń mú un kúrò. Mo ti fẹ́ obìnrin yìí fún ọdún mẹ́ta, ìgbà gbogbo ló máa ń jẹ́ kí n ro ara mi pin kó tó sọ ohun tó mọ̀.

Ìṣẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé, 27 Méè

Bàbá ní ìwé náà ò ní jáde nílé láìsí òun. Ó fi ẹní ìkírun rẹ̀ wé pákó náà, ó gbé e lé itan láti Ṣakí dé Ìṣẹ́yìn, kò jẹ́ kí n bá òun gbé e. A ò sọ gbólóhùn mẹ́ta láàárín ọ̀nà.

Bọ̀dá Àmúdà fi ìka méjì tẹ ojú ìwé náà káàkiri, ó sì gbọ́ òórùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀kọ ọdún mẹ́ta ni. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ náà ni." Mo ní mo rò pé kí a bu omi sí i. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Bẹ́ ẹ bá bu omi sí i, Dókítà, ẹ ó mú ìwé kúrò, ẹ ó sì mú ohun tó wà lára rẹ̀ kúrò."

Ó gbé ìkòkò omi kaná, ó fi aṣọ funfun bò ó lẹ́nu. Ó na pákó náà sójú ooru, ó gbé e kúrò, ó tún nà án. Kò kánjú rárá. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan rọ̀ díẹ̀, ó fa òwú kan yọ lára èyí tó ń hun, ó fi epo òrí pa á, ó tì í bọ àárín ìwé àti pákó, ó mú orí rẹ̀ méjèèjì dání, ó wá ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Òwú ń gé ẹ̀kọ, ìwé ń dìde ní ìwọ̀n ìka kan, ìka kan. Ó ń gbààwẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ó ṣì ń fà á. Bàbá jókòó tì í lórí àpótí.

Aago mẹ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti pe ìrun Alásàrí kí ìwé náà tó kúrò tán. Kò ya.

Mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Àmì roboto kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí ibi tí wọ́n gbé ife tó tutù sí, kò sí nọ́ńbà, kò sí lẹ́tà kankan. Bọ̀dá Àmúdà fọwọ́ tọ́ka sí pákó. Òǹtẹ̀ mi wà níbẹ̀, elésè àlùkò, ó mọ́ kedere, nọ́ńbà àti gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà rẹ̀ yí padà, wọ́n ń ti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ọjọ́ tí ayàwòrán fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ ló ti bọ́ sára pákó.

Mo jókòó sílẹ̀. Bàbá ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò ti bá mi sọ̀rọ̀ gidi. Ó ní, "Ṣé mo ti bà á jẹ́?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti darúgbó. Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀, Bàbá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Méè

Lẹ́yìn sàárì, a wọkọ̀ padà sí Ṣakí pẹ̀lú ìwé àti pákó.

Ṣakí. Àbámẹ́ta, 1 Júùnù

Òkè ní kí n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ aṣojú wa ní Bùlùgéríà kí wọ́n tún òǹtẹ̀ lù fún mi. Mo ṣírò rẹ̀: lẹ́tà yóò lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, yóò bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àgùntàn Jẹ́dà yóò ti di egungun. Mọ́ládé ní kí n gbé pákó lọ sí Èkó. Mo ní wọn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Kí ni wọ́n ti ń fi yín ṣe láti ọdún mẹ́ta?"

Èkó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Júùnù

Sójà ẹnu géètì ní kí ni mò ń gbé pákó lọ ṣe, ṣé káfíńtà ni mí. Mo ní ìwé-ẹ̀rí mi ni. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Mo tò pẹ̀lú pákó lábẹ́ apá fún wákàtí márùn-ún, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń bẹ̀ mí pé kí n má fi gún wọn lójú.

Florence wo ẹ̀yìn ìwé náà. Ó ní, "Kò sí òǹtẹ̀ níbí."

Mo gbé pákó lé tábìlì rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Bàbá, ẹ̀kọ, ayàwòrán, òwú. Mo sọ ti Ràsáàkì pàápàá, mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ó ń wo pákó náà, ó yí orí síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò rí i kà. Ó wá ṣí báàgì rẹ̀, ó mú dígí kékeré tó fi ń kun àtíkè jáde, ó gbé e kọjú sí pákó.

Òǹtẹ̀ náà tò bọ̀ sípò nínú dígí. Ó ń ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń bá a kà á lọ́kàn. Ó gbé ìwé ńlá kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà òǹtẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú sí jáde, ó fi ìka tọ ojú ewé. Ó dúró. "Òun nìyí. Ọdún 1982, orúkọ yín ló wà níbẹ̀."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ọ́fíìsì yìí, òun ò rí ẹni tó gbé ìwé wá lára igi rí. Ó gbé pákó, ìwé àti dígí lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú yàrá, mo gbọ́ tiẹ̀. Nígbà tó jáde ó ní, "Ẹ padà wá ní ọjọ́ kejìdínlógún. Ẹ sì bá mi kí Bàbá Dókítà."

Ṣakí. Ọjọ́ Ajé, 10 Júùnù

Mo ṣe abẹ́rẹ́ fún ogóje màlúù ní ọ̀nà Ìgbòho. Òkè fọwọ́ sí i. Kò dùn mí bíi ti tẹ́lẹ̀, mo ń ka ọjọ́.

Èkó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Júùnù

Mo ti gbà á. Ojú ewé kan péré ni. Wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí Bàṣírù Àdìgún bá ti àwọn dókítà ẹran tó kàwé nílé dọ́gba, àti pé ẹ̀dà lẹ́tà náà ti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ní Ìbàdàn. Mo kà á ní gáréèjì, mo kà á nínú ọkọ̀. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí bóyá ẹnì kan kú. Mo ní rárá o, ẹnì kan jí ni.

Ṣakí. Ọjọ́bọ̀, 20 Júùnù

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Bàbá ti fi ìwé náà padà sínú férémù, ó gbé e lé ojú pákó, ó fi gíláàsì bò ó, kò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó mú lẹ́tà Èkó dání, ó ń fi han àwọn àlejò, ó dorí rẹ̀ kodò. Òkè wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Ó ní ọjọ́ Ajé ni òun yóò kọ ìwé ìyọ̀ǹda. Ìyá ń di ìyere àti àádùn sínú báàgì fún ìrìn-àjò mi, ó ń sunkún, kò sì dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ Ajé, 24 Júùnù

Mo dé ọ́fíìsì, mo bá Òkè tó ń palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ọdún méjì ni Òkè sì ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ bá a. Mi ò mọ̀. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un: kò sí dókítà mìíràn tó lè fọwọ́ sí ìwé màlúù láti Ṣakí títí dé Kìṣí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀dà lẹ́tà mi dé ọ́fíìsì Ìbàdàn. Láàárọ̀ yìí, awakọ̀ ìjọba gbé ìwé méjì wá. Èkíní ní kí Òkè máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Èkejì ní kí Dókítà Àdìgún gba ipò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Júláì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí."

Mo mọ̀ pé kò mọ̀. Ó kọ ìwé ìyọ̀ǹda mi, ó fẹ́ fọwọ́ sí i, a jọ ń wò ó. Ẹni tí wọ́n ti gbé kúrò níbi iṣẹ́ ò lè yọ̀ǹda ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó ká a sínú àpò rẹ̀.

Èmi ni mo rọ kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn tiẹ̀ ló ṣí.

Ìbàdàn. Ọjọ́rú, 26 Júùnù

Ọ̀gá àgbà ò bá mi jà. Ó ní kí n jókòó, ó pè mí ní Dókítà. Òun ni ẹni ìjọba àkọ́kọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ pè mí bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ọdún mẹ́ta lẹ fi sọ pé èmi kì í ṣe dókítà, sà."

"Ní báyìí, dókítà ni yín."

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ni yóò fọwọ́ sí màlúù, Dókítà? Bí a kò bá rí ẹni fọwọ́ sí i, màlúù ò ní kọjá, ẹran ò ní dé ọjà. Ẹ mú ẹlòmíràn wá, kí ẹ máa lọ." Ó ní ọdún méjì ló kù nínú àdéhùn tí mo bá wọn ṣe kí n tó lọ sókè òkun. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọdún méjì náà láìsanwó, kí n wá sìn ín tán bí mo bá dé. Ó kọ ìbéèrè mi sórí ìwé kékeré kan, ó fi sábẹ́ ife tíì rẹ̀, ó ní kí n padà síbi iṣẹ́ ná.

Ọjọ́bọ̀, 27 Júùnù

Mo tẹ wáyà sí Ràmọ́nì: KÒ ṢEÉ ṢE. Wọ́n ní owó mi ṣì tó fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ṣé mo fẹ́ fi nǹkan kún un. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ fi kún un.

Ṣakí. Ọjọ́ Àìkú, 30 Júùnù

Mọ́ládé da ìyere àti àádùn inú báàgì padà sínú àwo, Àdìjátù ń jẹ àádùn.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, Bàbá wá sí ilé mi. Èmi ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, òun kì í wá. Ó di ẹní ìkírun rẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ó tú u. Ìwé-ẹ̀rí mi ni, kò sí férémù, kò sí gíláàsì.

"Gbà," ó ní. "Fi sínú àpótí rẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, má tún wá béèrè lọ́wọ́ mi."

"Ògiri yín ń kọ́, Bàbá?"

"Mo ti gbé pákó padà sí i. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìyẹn tó mi í wò." Ó ń ká ẹní ìkírun rẹ̀. "Bàṣírù, èmi ni mo kọ́kọ́ dè ọ́. Ẹ̀kọ tèmi, òwú gé e. Ti ìjọba yìí, mi ò mọ ohun tó ń gé e."

Mo sunkún lójú bàbá mi. Ó jẹ́ kí n sunkún, kò ní kí n dákẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 1 Júláì

Rẹ́jísítà ti tán ní ọ́fíìsì, Òkè ti kọ èyí tó wà kún, ikán sì ti jẹ ìyókù. Ìwé yìí ni n ó máa lò láti òní, mo ti ya ojú ewé tí mo kọ sílẹ̀ sọ́tọ̀, èyí ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀.

Aago mẹ́wàá, darandaran kan láti Kìṣí dé pẹ̀lú màlúù méjìlélọ́gbọ̀n tó ń kó lọ sí gúúsù. Mo wo ojú wọn, mo wo ẹnu wọn, mo gún wọn lábẹ́rẹ́. Mo ṣí ojú ewé tuntun. Mo kọ iye màlúù, mo kọ orúkọ olówó wọn. Ní ọ̀nà kẹta, mo kọ orúkọ mi, mo sì fọwọ́ sí i pé ara wọn dá, kí ẹnikẹ́ni má dí wọn lọ́nà.

Ọkùnrin náà ká ìwé rẹ̀ sínú fìlà, ó kígbe sí wọn. Wọ́n kọjá.